Ìwádìí Obìnrin Karùn-ún

Ẹ fi igi yẹn sílẹ̀ ná, ẹ wá jókòó. Àlá tí mo lá lọ́sàn-án àná kò ṣeé dá gbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni, mo na ẹ̀yìn sórí ẹní ní pálọ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé, mo ní kí n kàn di ojú díẹ̀. Ibi tí mo di ojú sí náà ni wọ́n ti mú mi.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tó wà lọ́kàn mi kí n tó sùn. Látìgbà tí Kíkẹ́lọmọ ti tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìlọrin, obìnrin mẹ́rin péré ló ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́. Àwọn tó ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀ fún wa: ọkùnrin márùn-ún, obìnrin márùn-ún, orúkọ mẹ́wàá nínú ìwé kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá pé, wọn ò ní kọ ẹgbẹ́ wa sílẹ̀, pápá yìí á sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ máa sá búlọ́ọ̀kù síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí à ń fi igi gbá yìí, eré ìdárayá lásán ni lójú ẹlòmíràn. Ní tèmi o, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ máa fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ṣe bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí tábìlì láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì bíi tèmi ló máa mọ adùn kí èèyàn fi igi na nǹkan kan, kí nǹkan náà sì fò lọ.

Nínú àlá náà, pápá yìí gan-an ni mo bá ara mi. Oòrùn mú, gbogbo yín ti dé, olúkúlùkù wà ní àyè rẹ̀. Ìyá Bùsàrí dúró láàárín bí wọ́n ṣe máa ń dúró, wọ́n mú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn ò jù ú.

Mo ní, “Ẹ jù ú, mà.”

Wọ́n ní, “Ó ní òun ò lọ.”

Bọ́ọ̀lù náà sì fúnra rẹ̀ dá sí i. Ó ní òun ò lè máa lọ síbi tí òun ò mọ ẹni tó máa gba òun. Ó ní kí n wo apá òsì. Mo wo apá òsì, ó ṣófo lóòótọ́, koríko nìkan ló dúró níbẹ̀. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù náà mọ́gbọ́n dání.

Igi wa, èyí tí Rájí fi rọ́bà táyà wé lọ́rùn, fara ti ògiri, ó ń wò mí ní ìwò tí mi ò fẹ́ràn.

Ó ní, “Làmídì, ṣé lóòótọ́ lo ń wá ẹni tó máa gbá bọ́ọ̀lù?”

Mo ní, “Kí ni mo tún lè máa wá?”

Ó ní, “Èmi ò mọ̀ o. Mo kàn ń béèrè ni.”

Ìfura loògùn àgbà. Ẹni tó bá ti ní òun kàn ń béèrè, mo máa ń ṣọ́ra fún un, ìbáà jẹ́ igi. Mo fi ẹ̀yìn rìn kúrò níwájú rẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí àwọn ọkùnrin méjì kan tó wọ kóòtù fi dé. Wọn ò kí wa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìkángun pápá lọ́hùn-ún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a bí èèyàn ṣe ń ká ẹní nígbà tó bá jí láàárọ̀. Koríko, iyanrìn, ibi tí omi máa ń dá rogún sí lẹ́yìn òjò, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ká pọ̀. Mo béèrè pé kí ló dé. Wọ́n ní bí òjìji wa bá ti kúrú títí tó fi wọ abẹ́ ẹsẹ̀ wa tí a ò tíì pé mẹ́wàá, àwọn á gbé ẹní àwọn lọ. Mo ní ó dáa, kí wọ́n ṣáà rọra ká a, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti gbó. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Rájí ló wá sọ fún mi pé mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda kí n tó lè wá obìnrin kankan. Mi ò mọ bí Rájí ṣe mọ̀. Rájí, má bínú, ojú àlá ni, ṣùgbọ́n mo fura sí ìwọ náà. O ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìyọ̀ǹda náà wà lókè orí wa. Ó léfòó sójú òfuurufú, tábìlì, fèrèsé, àpótí fáìlì, gbogbo rẹ̀, wọ́n wá fi okùn ewúrẹ́ so ó mọ́ igi máńgòrò yìí kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Mo gun àkàsọ̀. Mo bá àwọn èèyàn tó tò sórí àkàsọ̀ náà, ẹnì kan lórí ìdábùú igi kan, wọ́n ní àtèṣín ni àwọn ti ń tò bọ̀. Mo kí wọn, mo gba àárín wọn kọjá, kò sẹ́ni tó bú mi. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó ti jẹ́ kí n mọ̀ pé àlá ni.

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn: ILÉ-IṢẸ́ TÓ Ń WÁDÌÍ ÀWỌN TÓ Ń WÁ OBÌNRIN. Mo kan ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn ní, “Ta nìyẹn?”

Mo ní èmi Làmídì ni.

“Làmídì wo?”

“Làmídì tó ń ṣe akọ̀wé nílé-iṣẹ́ omi.”

Ilẹ̀kùn ní, “Omi wo?”

Mo tún kan ilẹ̀kùn náà. Ó sì ṣí fún mi.

Ọ̀gá kan ṣoṣo ló wà nínú ibẹ̀, ó sanra, ó wọ agbádá lé orí kóòtù. Fáìlì mi ti wà níwájú rẹ̀, ó nípọn tó ìrọ̀rí. Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn rí láyé mi.

Ó ní, “O fẹ́ obìnrin kan.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Fún bọ́ọ̀lù.”

“Mélòó lo ti ní?”

“Mẹ́rin, sà.”

Ó ní, “O ti ní mẹ́rin. O tún fẹ́ ẹyọ kan sí i.”

“Ìlànà ló sọ bẹ́ẹ̀, sà. Márùn-ún gbọ́dọ̀ pé.”

“Ìlànà wo ló sọ pé márùn-ún?” Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. “Làmídì, ṣé ìwọ náà kì í lọ sí mọ́ṣáláṣí ni? Mẹ́rin ni èmi gbọ́.”

Mo ní ti bọ́ọ̀lù yàtọ̀. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì, ó ń pe ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń kọ ọ́: “Ó... ní... tòun... yàtọ̀.”

Lẹ́yìn náà ló fa ìwé kan yọ. Ó ní ẹnì kan ti fi ẹ̀sùn mi sùn, kò sì kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Ó kà á sókè. Ìwé náà ní: “Ọkùnrin tó ń jẹ́ Làmídì yìí, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ìpàdé àdúgbò ni òun ń lọ. Kò lọ sí ìpàdé kankan. Oṣù méjì rèé.”

Inú bí mi gan-an. Mo ní ta ló kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n wo bó ṣe ń kọ̀wé. Ní ọkàn mi, mo ti mọ̀ pé Rájí ni. Ọ̀gá na ìwé náà sí mi. Bí mo ṣe wò ó, ìkọ̀wé èmi fúnra mi ni. Ìrù tí mo máa ń fà gùn jù, ibi tí mo ti máa ń tẹ bírò títí tí ìwé fi ń lu, kò sí èyí tí kò sí níbẹ̀.

Mo ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí ọ̀tá ilé.”

Ọ̀gá ní, “Àmín.”

Ó dáa. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni ohun tó wà nínú ìwé yẹn. Múíbátù ìyàwó mi kò mọ̀ pé ẹ wà láyé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ń bọ̀ níbí, ó bi mí pé ibo ni mò ń lọ, ó sì rọrùn lẹ́nu láti sọ pé ìpàdé àdúgbò ju kí n sọ pé mò ń lọ bá àwọn obìnrin sáré lórí pápá. Ìpàdé kan di méjì. Bí mo bá ti délé, ó máa ń bi mí pé kí ni wọ́n sọ. Ẹnu mi ò sì ṣeé pa dé. Mo ti sọ fún un pé a ti la gọ́tà, a ti gba olóde méjì tí wọn kì í sùn, a sì ti yan alága tuntun nítorí pé ti àtijọ́ kò ṣeé fọkàn tán. Àdúgbò tí mo kọ́ sí i létí yẹn ti dára ju èyí tí à ń gbé lọ fíìfíì. Nígbà mìíràn, èmi náà máa ń fẹ́ kó lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú àlá. Ọ̀gá náà ní wọn kì í ṣèwádìí obìnrin láìsí alárenà. Ó ṣí àpótí fáìlì, ó mú agboòrùn dúdú kan jáde tí egungun rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Agboòrùn náà wúkọ́, eruku tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ogójì ọdún ni òun ti fi ń ṣe alárenà, kò sí ìyàwó tí òun bá lọ tọrọ tí wọn ò fún òun.

Mo ní, “Bàbá, kì í ṣe ìyàwó o. Bọ́ọ̀lù ni.”

Ó ní, “Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Mú mi dání.”

Ó ní òun mọ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àṣàkẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ó ti fẹsẹ̀ lé ológbò mú rí. Mo ní irú ẹni tí à ń wá gan-an nìyẹn. Mo ṣí agboòrùn náà, mo bẹ́ jáde láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, a sì rọra ń sọ̀ kalẹ̀. Mo wo ìsàlẹ̀. Wọ́n ti ká pápá dé ibùdó kẹta tí à ń sáré lọ dúró sí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ ti ń sún sẹ́yìn, Ìyá Bùsàrí ká ìró wọn sókè.

Inú yàrá ìkàwé kan la balẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni agboolé Àṣàkẹ́. Àwọn bàbá mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ kékeré, eékún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Ìyá àgbà kan dúró nídìí pátákó ìkọ̀wé, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Mo dọ̀bálẹ̀. Agboòrùn dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Agboòrùn ní, “Ẹ̀yin àgbà, a rí òdòdó kan nínú ọgbà yín tó wù wá já.”

Mo fa apá rẹ̀. Mo ní, “Bàbá, bọ́ọ̀lù ni mo ní kẹ́ ẹ sọ.”

“Dákẹ́. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.”

Bàbá tó wà láàárín ní, “Ẹ̀yin mélòó lẹ fẹ́ já òdòdó náà?”

Mo ní ọkùnrin márùn-ún ni wá, sà. Àwọn bàbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. Ìyá àgbà kọ márùn-ún sára pátákó, ó fi ìlà yí i ká.

Ó ní, “Ṣé obìnrin ti wà nílé tẹ́lẹ̀?”

“Mẹ́rin wà, mà.”

“Ta ni ìyáálé wọn?”

Mo rò ó. Mo ní, “Ìyá Bùsàrí ni, mà. Àwọn ló pẹ́ jù. Àwọn ló ń ju bọ́ọ̀lù.”

“Ṣé kì í lu àwọn kékeré?”

“Rárá o, mà. Wọ́n ti fi bọ́ọ̀lù ba Rájí léjìká lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀ ẹ́.”

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, bí ẹ ṣe mọ̀ pé wọ́n máa ń wádìí ìdílé kí wọ́n tó fọmọ fúnni. Ṣé èèyàn ò máa ń ya wèrè nílé wa? Mo ní rárá, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo ló máa ń sunkún bó bá ń jẹ iyán, ata ni wọ́n sì ní ó ń fà á. Ṣé wárápá ò sí? Kò sí. Ṣé a kì í jalè?

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe. Mo fẹ́ sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣàlàyé fún wọn pé nínú eré yìí, bí ojú àwọn alátakò kò bá sí lára ẹni, èèyàn lè sá lọ jí ibùdó tó wà níwájú. Mo ní wọ́n ń pè é ní olè jíjà, àmọ́ wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jà. Mo ní mo retí pé Àṣàkẹ́ á jalè dáadáa.

Ìyá àgbà kọ OLÈ sára pátákó. Ṣọ́ọ̀kì náà fúnra rẹ̀ ní, “Mo ti rò ó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé.”

Àṣàkẹ́ wá jáde láti ẹ̀yìn pátákó. Ìbọ̀wọ́ awọ wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó sì bá a mu rẹ́gí. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa.

Ó ní, “Bọ̀dá, bọ́ọ̀lù náà wù mí. Mo fẹ́ wá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyàwó yín mọ̀?”

Agboòrùn pa ara rẹ̀ dé pàì. Ó ní bí ọkọ bá mojú aya tán, alárenà á yẹ̀ba, ó sì lọ dúró sí kọ̀rọ̀. Mo ní, “Bàbá, kò tíì sẹ́ni tó mojú ẹnì kankan.”

Mo sọ fún Àṣàkẹ́ pé ìpàdé àdúgbò ti fọwọ́ sí i.

Ó ní, “Ìpàdé àdúgbò wo?”

Fèrèsé ṣí, ọ̀gá ọ́fíìsì gba ibẹ̀ wọlé, fáìlì mi wà ní abíyá rẹ̀. Ó ní òun ti ń retí ìbéèrè yẹn láti àárọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òfin fún wọn. Bó ṣe ń sọ ọ́, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn, ìwo méjì gba inú fìlà rẹ̀ yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ di mẹ́rin, ó di òbúkọ. Kò dá ọ̀rọ̀ dúró. Ó ní, “Gẹ́gẹ́ bí òfin kẹtàlá... mẹ̀ẹ́ẹ̀... ṣe là á kalẹ̀.” Àwọn àgbà ń mi orí sí i. Mo rí i pé agbádá náà ṣì bá a mu.

Ó wá da fáìlì náà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ nínú mi pé ẹ̀rí ti ń tán nìyẹn. Àfi bó ṣe jẹ́ pé kó tó gbé ojú ìwé kan mì, á kọ́kọ́ kà á sókè.

“Ó ní àwọn ti la gọ́tà,” ó ní, ó ń jẹ ẹ́ lọ. “Kò sí gọ́tà. Ó ní àwọn ti gba olóde méjì tí wọn kì í sùn. Kò sí olóde. Ó ní alága tuntun náà ga, ó sì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́...”

Ìyá àgbà ní, “Ó tiẹ̀ tún fún un ní ìrísí!”

Bàbá tó wà láàárín dìde, bẹ́ńṣì bá a dìde nítorí ó ti há sí i. Ó ní, “Ọmọkùnrin, ọmọ wa ò ní lọ síbi tí ìyàwó ilé ò ti mọ̀ sí i. Máa lọ.” Mi ò bínú sí i. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ni ọmọ náà, ohun tí mo máa sọ nìyẹn. Àṣàkẹ́ bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì ṣì gbóná.

Mo jáde láti ẹnu ọ̀nà yàrá ìkàwé náà, mo bá ara mi lórí pápá, tàbí kí n sọ pé lórí ohun tó kù nínú rẹ̀. Wọ́n ti ká a dé ibi ìdélé tí ẹni tó mú igi máa ń dúró sí. Gbogbo yín há mọ́ra lórí ilẹ̀ kékeré kan tí kò tó ẹní ìkírun, ẹ ń di ara yín mú, Rájí fi ẹsẹ̀ kan dúró. Òjìji yín ti wọ abẹ́ bàtà yín tán, ó ku gígísẹ̀. Òbúkọ ti débẹ̀ ṣáájú mi, ó ń bá àwọn ọkùnrin méjì náà fi ìwo ti ẹní.

Ìyá Bùsàrí ní, “Làmídì, obìnrin náà dà?”

Ojú tì mí. Mi ò lè fi pamọ́ fún yín, ojú tì mí títí dé etí. Mo ní wọ́n kọ̀.

Igi wa tó wà lọ́wọ́ Rájí ní, “Obìnrin kan ṣì wà ní ìlú yìí tí o kò tíì bi.”

Mo ní, “Mo ti bi gbogbo wọn. Mo bi tíṣà, mo bi nọ́ọ̀sì, mo bi aránṣọ ẹ̀yìn ọjà. Mo bi ẹni tó ń ta epo bẹntiróò, ó ní kí n gbé mọ́tò mi sún síwájú, mi ò sì gbé mọ́tò wá.”

Ó ní, “O ò tíì bi í.”

“Ta ni?”

“Èmi ò mọ̀ o. Mo kàn ń béèrè ni.”

Mi ò ráyè bá igi jà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké orúkọ obìnrin tó bá ti sọ sí mi lọ́kàn. Àṣàkẹ́! Sẹ̀mírátù! Wúrà! Mo ń ké wọn bí ẹni ilé rẹ̀ ń jó. Ẹ̀yin ti bẹ́ kúrò lórí pápá, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ń wò mí. Èmi nìkan ló kù lórí rẹ̀. Ẹní náà dé ẹsẹ̀ mi, ó dé orúnkún mi, wọ́n sì ká mi mọ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú koríko. Ibẹ̀ gbóná, mi ò lè gbé apá. Mo wá gbọ́ ohùn kan lókè orí mi.

Ó ní, “Ta ni Àṣàkẹ́?”

Mo ní, “Obìnrin karùn-ún ni, sà.”

Mo la ojú. Múíbátù ló jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àtẹ wà lórí itan rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ti yí ara mi mọ́ inú ẹní láti òkè délẹ̀, orí mi nìkan ló wà níta.

Ó ní, “Karùn-ún.” Kò gbé ojú sókè. “Àwọn mẹ́rin yòókù ńkọ́?”

Mo ní, “Àlá ni.”

“Mo mọ̀ pé àlá ni. Ẹ ní Ìyá Bùsàrí ni ìyáálé wọn.”

“Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń jù.”

“Ẹ ní kì í lu àwọn kékeré.” Ó ju ẹ̀wà kan tí kòkòrò ti jẹ nù. “Ọmọ ibo ni Ìyá Bùsàrí? Ṣé ìlú yìí náà ni ìdílé wọn wà?”

Mo ń gbìyànjú láti jáde nínú ẹní, kò ṣeé ṣe. Lásìkò yẹn gan-an ni òbúkọ ilé kejì wọ àgbàlá wa, ó ki orí bọ inú garawa tí ìyàwó mi rẹ ẹ̀gẹ́ sí lẹ́bàá kànga. Múíbátù kò dìde. Kò sì dá ọ̀rọ̀ dúró, ó ṣì ń béèrè pé ta ni Sẹ̀mírátù. Ó kàn bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó fi gba ẹnu ọ̀nà jù ú. Sálúbàtà náà fò kọjá lórí okùn aṣọ, ó ba òbúkọ náà láàárín ìwo méjì, kọ́! Òbúkọ náà wo ilé wa lẹ́ẹ̀kan, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo wo bó ṣe jìn tó láti orí àpótí yẹn dé ìdí kànga. Ìyá Bùsàrí, ẹ má bínú, ẹ ò lè jù ú débẹ̀. Kódà bí ẹ bá dìde dúró.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un nígbà náà. Inú ẹní ni mo wà tí mo fi sọ ọ́, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé sọ. Mo sọ ti pápá, mo sọ ti ìwé ọjọ́ Ẹtì, mo sọ ti ẹ̀yin mẹ́jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́ mi títí.

Ó ní, “Gọ́tà ńkọ́?”

“Kò sí gọ́tà.”

“Àwọn olóde méjì?”

Mo fa orí wọ inú ẹní.

Ó ní, “Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ jẹ́ kó rìn jìnnà.” Ó mi àtẹ náà. “Mo ti ń fọkàn balẹ̀ sùn látìgbà tẹ́ ẹ ti sọ ti àwọn olóde yẹn o, Bàbá Káfáyà. Mo tiẹ̀ ti máa ń fi wọ́n sínú àdúrà.”

Ìyẹn dùn mí ju gbogbo ohun tí òbúkọ jẹ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn tí mo bẹ̀ ẹ́ tán, mo ní, “Múíbátù, ṣé wàá wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù?”

Ó ní, “Torí pé ẹ ti bi gbogbo ìlú tán?”

Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Nígbà tó yá, ó ní, “Igi tẹ́ ẹ fi ń gbá a yẹn, ta ló máa ń mú un?”

Mo ní ẹni tó bá kàn ni.

Ó ní, “Látoṣù méjì, kò tíì kàn mí?”

Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, òun ni ìlà kẹwàá. Ó ní kí n máa lọ ṣáájú, òun ń bọ̀. Òun nìyẹn lẹ́nu géètì, ó wọ ṣòkòtò mi, ó sì so gèlè mọ́dìí. Mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ o, kò tíì rẹ́rìn-ín láti àná. Rájí, jọ̀ọ́, gbé igi yẹn fún un.